Òkè Ilé Bàbá Àgbà

Èmi ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó fún àwọn èjẹ́ǹtì tó ń ta ilé n'Íbàdàn. Wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, èmi á wá ọ̀rọ̀ sí i. Bí yàrá bá kéré, màá ní ó tura. Bí ilé bá ti gbó, màá ní ó ní ìtàn. Bí ọ̀nà ibẹ̀ kò bá dáa, n ò ní mẹ́nu ba ọ̀nà rárá. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, àfi lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi fọ́tò ilé wa ní Gbọ̀ngán ránṣẹ́, tí wọ́n ní, "Bá wa kọ ọ́ kó dùn. Ṣebí iṣẹ́ ẹ ni."

Fọ́tò mẹ́fà ni. Ìkẹta nínú wọn ni ògiri iwájú, níbi tí a fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Ẹ̀yin náà á ti rí irú àkọlé yẹn rí. Àwọn gbájú-ẹ̀ ló fà á. Ẹni tí kò ní búlọ́ọ̀kù kan nínú ilé á mú oníbàárà wá, á gbowó, á sá lọ. Ọjọ́ tí oníbàárà bá kó ẹrù dé ni onílé á tó mọ̀ pé wọ́n ti ta ilé òun. A kọ tiwa kí àlejò má bàa tà á. Kò sẹ́ni tó rò pé àwa fúnra wa la máa tà á.

Mo wọkọ̀ ní Ìwó Road lọ́jọ́ Sátidé. Mo ra dòdò Ìkirè lọ́nà (ta ló ń kọjá Ìkirè láìrà á?), mo sì dé Gbọ̀ngán kí oòrùn tó mú.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé náà. Wọ́n kọ 1956 sí òkè iwájú rẹ̀. Ìgbà yẹn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún kan ni, owó kòkó ló sì ń gbé púpọ̀ nínú ẹ̀. Bàbá Àgbà ń gbin kòkó, wọ́n tún ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi dá òkè sí yàrá. Gbàgede ni, láti fèrèsé dé fèrèsé, pákó nílẹ̀, páànù lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń to àpò kòkó sí, torí kòkó tí ọ̀rinrin bá mú a máa hu, owó ẹ̀ á sì já. Bí oòrùn bá ti gbóná, pákó yẹn ṣì ń rùn bíi kòkó díẹ̀díẹ̀. Bóyá imú mi ló ń tàn mí jẹ o.

Àwọn Òyìnbó ní orúkọ fún irú òkè bẹ́ẹ̀: loft. Ní SoHo, New York, ilé iṣẹ́ àti ilé ẹrù ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ kó lọ, àwọn ayàwòrán kó wọbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 torí owó ẹ̀ kò wọ́n, òfin ò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa sùn níbẹ̀. Lónìí, olówó ló ń gbé e. Mo dúró láàárín òkè wa, mo ń kọ ọ́ sórí fóònù: òkè gbàgede, ilé ìtàn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo rántí Ilojo Bar l'Ékòó, ilé Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá ní 1956, ọdún kan náà tó wà lára ilé wa. Wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sọ fún Màmá Àgbà pé a ò ní tà á.

Wọ́n wò mí. "Ọkọ mi, bàsíà mélòó lo rí lókè?"

Mo ní mẹ́jọ, mà.

"Ta ló ń da omi inú ẹ̀ nù? Èmi ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ọmọ aládùúgbò ni mo ń bẹ̀."

Yàrá kan àti pálọ̀ kan ni Màmá fẹ́, tí ilé ìgbẹ́ á wà nínú ẹ̀. Àmọ́ nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ. Àwọn ọmọ ló ni ín. Bí olórí ẹbí ò bá sì fọwọ́ sí i, títà ilé ẹbí kò dúró ní kóòtù. Ẹni tó ti lo ọgọ́ta ọdún nínú ilé ni kò ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ ilé. Mo ní, "Sàréè Bàbá ńkọ́, tó wà lẹ́yìnkùlé?"

"Bàbá yín ò ní kí n máa gbọ́n omi títí n ó fi bá wọn."

A ṣèpàdé lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, èèyàn mẹ́rìnlá. Àwọn tó wà ní Kánádà ló pariwo jù: orírun wa ni, ẹ má tà á! Mo ní ó dáa, káfíńtà ti ka iye páànù tó máa gbà, kí kálukú sọ iye tó máa mú wá. Lójijì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo wọn bàjẹ́. Èèyàn méjì ló dáhùn. Èmi ni ọ̀kan, owó mi ò sì tó bọ́ńdù páànù kan.

Ìpolówó náà ṣì wà lórí fóònù mi. Mo kọ páànù tó ń jò sí i, mo kọ sàréè sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n yọ sàréè kúrò, mo ní ẹni tó máa rà á gbọ́dọ̀ mọ̀. A ò tíì fi iye owó sí i.

Lánàá, Màmá pè. Wọ́n ní òjò ti dé, kí n bá wọn ra bàsíà kan sí i bọ̀.