Ibi Tí Dírẹ́bà Kánò Ti Ń Bọ́ Sílẹ̀

Àwọn ọmọ àdúgbò ní Òkókómáíkò ń pè mí ní Bàbá Rélùwéè, wọ́n sì máa ń bi mí bóyá mo wa ọkọ̀ dé Kánò rí. Rárá o. Ṣọ́ńtà ni mí. Ibi tí dírẹ́bà Kánò bá ti bọ́ sílẹ̀ tó na ẹsẹ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ tèmi ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìrìn nǹkan bí 1,126 kìlómítà ni Kánò sí Èkó. Síbẹ̀, ẹrù tó dé Èbúté-Mẹ́ta kò tíì délé. Àwa la ó tú àwọn wágọ̀nù, tí a ó ṣà wọ́n: èyí ń lọ sí èbúté Àpápá, tọ̀hún sí ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun, òmíràn sí ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀nà náà kò gùn, àmọ́ ibẹ̀ lẹrù ti ń pẹ́ jù bí ṣọ́ńtà kò bá mọṣẹ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní 1968 máa ń sọ fún wa pé àwa kọ́ la kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú irin ṣiṣẹ́ nígboro. Láti 1902 ni ọkọ̀ kékeré kan ti ń gba Afárá Carter láti Ìdó wọ Erékùṣù Èkó. Àlàfo irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 762. Ti Kánò jẹ́ 1,067. Ó kó èrò, ó kó ẹrù. Nígbà tó yá, ìgbẹ́ ìlú nìkan ló ń kó, títí di 1933. Mo bọ̀wọ̀ fáwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ta ni ìbá gbé Èkó láìsí wọn?

Nígbà tiwa, ẹ̀pà ni. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn wágọ̀nù, òórùn rẹ̀ á bò yín, eruku Kánò á sì wà nínú irun yín títí ẹ ó fi délé.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo tú wágọ̀nù méjì sílẹ̀, mo sì gbàgbé láti fi igi há wọn lẹ́sẹ̀. Mo ti kẹ̀yìn, mo ń ju fìtílà sí dírẹ́bà. Wágọ̀nù tó ń lọ fúnra rẹ̀ kì í pariwo; ó ń yọ́ lọ bí olè. Omi tó ń já láti ara rẹ̀ ni mo gbọ́ tó kúrò lójú kan. Mo sáré, mo ju igi sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fọ́ igi àkọ́kọ́. Orí ìkejì ló dúró sí. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní 1975, sìmẹ́ńtì dé. Ọkọ̀ òkun tó lé ní 400 tò sójú omi Èkó, a ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kò tán. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni ọ̀dá àti àrùn ba ẹ̀pà jẹ́ lókè Ọya. Tírélà sì gba ìyókù lọ́wọ́ wa. Ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo máa ń fa ogún wágọ̀nù wa. Ẹ wá ka tírélà tó tó ìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá tò láti Àpápá dé Mile 2, tí àwọn ará Ìbá àti Ọjọ́ kò rí ọ̀nà lọ sílé, mo mọ ibi tí ẹrù yẹn ti wá.

Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣèlérí fún Òkókómáíkò ti ń ná Mile 2 sí Marina láti 2023, èrò nìkan ló ń kó. Ti Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, ni wọ́n fà wọ èbúté Àpápá. Inú mi dùn sí i. Mo fẹ́ kí ẹnì kan kọ́ àwọn ọmọ tó wà nídìí rẹ̀ bí a ṣe ń há wágọ̀nù lẹ́sẹ̀ nínú òjò. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí, n ó lọ.