Àìsùn Lókè, Ìwé Nísàlẹ̀

Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá kan tí fẹ́lóṣíìpù, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni ní yunifásítì, ń yá lò lọ́jọ́ Ìsinmi, olùkọ́ kẹ́mísírì ti fi iṣẹ́ kún ojú pátákó láti ọjọ́ Ẹtì, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́. Wọn kò pa á rẹ́. Igun tó ṣẹ́kù ni wọ́n kọ àkòrí ìwàásù sí. Títí ìsìn fi parí, àwọn kan wà tí etí wọn ń gbọ́ ìwàásù, tí ọwọ́ wọn sì ń da iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì kọ.

TDB ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe ìwé kíkà títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, inú ilé kan náà ni TDB àti àìsùn àdúrà máa ń wà lóru kan náà, àìsùn lókè, ìwé nísàlẹ̀. Tó bá di nǹkan bí aago méjì òru, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ara wọn lórí àtẹ̀gùn. Àwọn kan ń gòkè torí pé ohun tí wọ́n kà kò yé wọn. Àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀ torí pé wọ́n rántí orí tí wọn kò tíì ṣí.

Ní 1973, olùkọ́ ìṣirò ni W. F. Kumuyi ní Yunifásítì Èkó nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ 15 bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ka Bíbélì. Ibẹ̀ ni ìjọ Deeper Life ti hù. Ní 1975, yunifásítì kan náà fún E. A. Adéboyè ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò. Ní 1981 ó di olórí ìjọ Redeemed. Síbẹ̀, nínú iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ọdún kìíní ń torí rẹ̀ gbààwẹ̀, ìṣirò ló ń ṣíwájú.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé fóònù sétí, ó ń ṣe “Àmín, mà. Àmín, mà.” Ọjà ni ìyá rẹ̀ ti ń gbàdúrà, a ń gbọ́ oníbàárà tó ń béèrè iye tòmátò láàárín ìbùkún. Wọ́n ti ń pe orúkọ nínú gbọ̀ngàn. Kò pa fóònù títí ìyá fi dé “lórúkọ Jésù”. Òun ló wọlé kẹ́yìn.

Ní họ́sítẹ̀lì, ẹni tó ń gbààwẹ̀ àti ẹni tí kò rí jẹ jọra wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sọ pé ebi ń pa òun. Á ní òun wà nínú ààwẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Mo mọ sístà kan tó ń sùn ní bọ́ńkì òkè, tó kíyè sí i pé ààwẹ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ òun kò ní àkókò ìṣínu. Kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó se ẹ̀wà, ó bu ìdajì sínú kúlà, ó gbé e sídìí bẹ́ẹ̀dì onítọ̀hún, ó ní òun ló sè é jù, kó má lọ bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ìrẹsì ló sè jù. Báyìí ló ń sè é jù títí owó fi dé sọ́wọ́ ẹni yẹn láti ilé.

Ọmọ ọdún 22 ni ààrẹ fẹ́lóṣíìpù kan. Dádì ni wọ́n ń pè é. Ó ní kárí-ówà kan láti ọdún kejì, ìyẹn iṣẹ́ tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe; ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní ọdún kejì gan-an ló sì ń kọ́ ọ lálaalẹ́. “Dádì, ẹ wo ibí, ibí lẹ ti ṣì í.”

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ Dáníẹ́lì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní Bábílónì. Ìwàásù ìgbà ìdánwò kì í fo ìtàn wọn: wọ́n kọ oúnjẹ ọba, wọ́n fi ewébẹ̀ àti omi gbé ọjọ́ mẹ́wàá, ara wọn sì dá ju ti àwọn yòókù lọ. Ibi tí oníwàásù kì í pẹ́ sí ni pé oúnjẹ ọba ni wọ́n kọ̀, wọn kò kọ ìwé ọba. Èdè àwọn ará Kálídíà àti ìwé wọn, wọ́n kọ́ ọ délẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà àtijọ́ kan ni Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró ní 1822. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ìyá tó ń fi gààrí ránṣẹ́ sí i. Ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta.

Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi gbàdúrà pé kí ilé ìwé wọlé. Ilé ìwé wọlé, àdúrà sì yí padà: kí wọ́n ṣàánú, kí wọ́n sún ìdánwò síwájú.

Lẹ́yìn iná orí òkè Kámẹ́lì, Èlíjà sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun. Wòlíì ni o. Áńgẹ́lì kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ó fọwọ́ kàn án, ó fi àkàrà àti omi hàn án. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ náà ló tún gbé wá. Ogójì ọjọ́ kọjá lẹ́yìn oúnjẹ yẹn kí Ọlọ́run tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù iná Kámẹ́lì nínú ọgbà ilé ìwé láìmọye ìgbà. Orí tó tẹ̀ lé e ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílò jù.

Àlùfáà ọgbà kan wà tí, bí wọ́n bá mú akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí oorun sùn wá, á gbàdúrà fún un, á sì bá a rìn dé ilé ìwòsàn ọgbà. Kì í fi ọ̀kan dúró de èkejì.

Nínú ìsìn àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí èsì bá jáde, ẹ̀rí ló máa ń gba àkókò jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí wọ́n nawọ́ ẹkisípò, ìbéèrè ìdánwò tó jò síta, sí lórí fóònù, lọ́fẹ̀ẹ́, lálẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Ó ní kí wọ́n pa á rẹ́ lójú òun. Ó kọ ìwọ̀n tó mọ̀, ó gba D. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, ó jókòó. N kò mọ ẹ̀rí kan ní sáà yẹn tó tó tirẹ̀. Òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé gbohùngbohùn fún.