Ọwọ́ Ẹ̀sọ̀ Lára Ìyá àti Ọmọ

Ní Adakpamé, ní ìhà ìlà oòrùn Lomé, níbi tí àwa ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire ti ń bá àwọn Ewé gbé, ìyá àgbà a máa fi omi lílọ́wọ́ọ́ àti òrí tó ti àríwá Tógò wá wọ́ ọmọ tuntun lára, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, a sì máa ki oríkì ìdílé rẹ̀ sí i létí. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá sọ lọ́dún 2022 pé ọwọ́ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé tí ara rẹ̀ sì le láǹfààní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí wákàtí 24 kọjá kí a tó kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́.

Ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ohun kékeré, nítorí náà ẹ̀yìn àti èjìká tó ru ẹrù oyún yẹ fún ìtọ́jú kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko: ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe fi tipátipá tẹ ikùn aboyún, kí ibi ọmọ má baà ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.