Ọkọ̀ Bàbá Onílé

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò bi mí pé kí ló kan ẹni tó ń kọ̀wé lórí àṣà nínú ọ̀rọ̀ jíà ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀.

Ní ọdún 2009 ni mo kó lọ sí ìlú Sindelfingen, lẹ́bàá Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, fún iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́ta tó padà di ọdún mẹ́jọ. Mo háyà yàrá kan lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó sì ti lo ọgbọ̀n ọdún ó lé ní ilé-iṣẹ́ Mercedes-Benz tó wà nílùú náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. “Bàbá” ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló dúró síbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé nílé wa, ọmọ kì í pe àgbà lórúkọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti pẹ́ tí ọmọ tí òun bí ti pe òun bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Gáréèjì tó wà lábẹ́ yàrá mi ni ọkọ̀ náà wà: Mercedes-Benz 280 SL ti ọdún 1970, aláwọ̀ eérú, oníjòkòó méjì, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Kì í ṣe irú ọkọ̀ tí à ń rí kiri. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1963 ni wọ́n fi àkọ́bí rẹ̀, 230 SL, han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Geneva. 250 SL ló tẹ̀ lé e, 280 SL sì ni àbíkẹ́yìn, títí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní 1971. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò pé 49,000. Paul Bracq, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Béla Barényi, onímọ̀ ẹ̀rọ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ronú bí èèyàn kò ṣe ní máa kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀, ni èrò òrùlé onírin rẹ̀ ti wá. Òrùlé náà tẹ̀ wọnú ní àárín, etí rẹ̀ méjèèjì sì ga, ó jọ ilé ìsìn àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Pagoda. Ẹni tó bá sì rò pé ọkọ̀ afínjú lásán ni, kí ó rántí pé ọdún 1963 náà gan-an ni Eugen Böhringer fi 230 SL gba ipò kìíní nínú ìdíje tó ti Spa lọ sí Sofia, tó sì padà sí Liège, lójú ọ̀nà tó kún fún òkúta àti eruku.

Àléébù kan ni Bàbá rí lára tirẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ tà á sí, jíà ọtomátíìkì ni wọ́n sì fi sí i, bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ sọ́hùn-ún. Bí wọ́n ṣe to irin ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ní láti yí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ náà bá ń sá 110 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì ti ń yí nǹkan bí 3,600 ìgbà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí jíà mìíràn lókè tí yóò fi sinmi. Wákàtí kan lójú ọ̀nà, orí á máa fọ́ni. Bàbá rà á padà láti California ní 1994. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ọdún mẹ́fà tún un ṣe. Ìyàwó ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán awọ ìjókòó méjèèjì. Àmọ́ wọn kò gbé e rìn jìnnà rí títí ìyá náà fi kú. “A tún un ṣe tán, a wá ń wò ó,” bí Bàbá ṣe wí fún mi nìyẹn.

Ní 2013, ó pinnu láti yọ ọtomátíìkì náà, kí ó sì fi jíà márùn-ún tí a ń fi ọwọ́ yí rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ ìgbà òde òní tí Getrag ṣe. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbọ́, ó sì wá láti Hamburg tìbínú-tìbínú. Ó ní ọkọ̀ tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ bá ìwé ilé-iṣẹ́ mu ni àwọn olówó ń wá. Ohun tí bàbá òun fẹ́ ṣe yìí yóò ba iye rẹ̀ jẹ́, yóò sì ba ìrántí ìyá òun jẹ́. Bàbá fèsì pé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ta ìwọ̀nba díẹ̀ pẹ̀lú jíà márùn-ún tí ZF ṣe. Ó fèsì sí ọ̀rọ̀ iye, kò fèsì sí ọ̀rọ̀ ìyá. Ó yíjú sí mi: “Ìwọ tí o ń kọ̀wé lórí ohun àtijọ́, kí ni o rí sí i?”

Kí n má purọ́, ẹ̀yìn ọmọ ni ọkàn mi kọ́kọ́ wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ráhùn pé a ń fi símẹ́ǹtì ba ilé àwọn baba wa jẹ́. Mo ní kí wọ́n fún mi di ọjọ́ kejì.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni egúngún ilé ìyá mi wá sí mi lọ́kàn. Bí ọdún egúngún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ilé a máa mú aṣọ tuntun wá láti fi kún ẹ̀kú. Ìyá mi fi dàmáásìkì kan kún un lọ́dún tó bí mi. Àbúrò rẹ̀ kan mú fẹ́lífẹ́ẹ̀tì wá láti London, aláwọ̀ tí ojú kò fẹ́ rí, wọ́n sì rán an mọ́ ọn. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé egúngún náà ti di òmíràn. Aṣọ tó gbó ni wọ́n ń fi tuntun bò kí ó baà lè jáde. Ní 2019, Brooklyn Museum ní New York pàtẹ ẹ̀kú kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Aṣọ tó wà lára rẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Ohun ẹlẹ́wà ni. Àmọ́ kò sí ọmọ ilé tí yóò tún rán aṣọ kankan mọ́ ọn. (N kò bá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jà o, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe.)

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún Bàbá pé n ó bá a ṣiṣẹ́ náà, bí kò bá ní ta jíà àtijọ́. Ó mú mi lọ sí gáréèjì. Ó ti kan àpótí pákó tí yóò gbé e sí tán.

Oṣù márùn-ún ni a fi ṣe é, ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Ẹ má rò pé kí a yọ ọ̀kan kí a fi èkejì sí i ni. Ọtomátíìkì kò ní kíláàṣì, nítorí náà a ní láti wá ìtẹ̀sẹ̀ kẹta, àti páìpù tí òróró yóò gbà lọ tì í. A pààrọ̀ irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì sí èyí tó wúwo, tí kíláàṣì lè dì mú. A fi bẹ́árìn kékeré sí ìdí irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn kò bá gígùn jíà tuntun mu mọ́. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Mo fi sẹ̀ǹtímítà kan ṣì í, owó tí Bàbá san fún ẹni tó gé e sì wọgbó. Kò bá mi wí. Ó kàn fún mi ní ohun ìwọ̀n náà padà, ó ní kí n tún un wọ̀n, ó sì dúró tì mí.

Kí iṣẹ́ náà tó parí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún òsì. Ẹsẹ̀ òsì ni a fi ń tẹ kíláàṣì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú gáréèjì, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Báyìí ni ó ṣe di pé èmi, tí mo fi Volkswagen ìjàpá kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Ìbàdàn, ni mo wa Pagoda gba òpópónà orí òkè Black Forest, láti Freudenstadt lọ sí Baden-Baden, ní oṣù Èbìbí ọdún 2014. Òrùlé wà ní kíká. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá ń ka jíà fún mi bí olùkọ́: “Méjì. Mẹ́ta. Má kánjú.” Nígbà tí mo fi jíà karùn-ún sí i, ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ní 110 náà, kò yí tó 3,000 mọ́. Bàbá dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé awọ ìjókòó, níbi tí okùn ìránṣọ náà ti wọ́ díẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé ibi tí à ń lọ.

Ó papòdà ní 2016. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá mi ní gáréèjì. Ó wo àpótí pákó náà pẹ́, ó bi mí ní iye ọjọ́ tí yóò gbà láti dá jíà àtijọ́ padà. Mo ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá wà níbẹ̀. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sí ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí lọ́jọ́ náà, ó fọwọ́ kan ìránṣọ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sún sí ìdí sítíárì, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.