Díẹ̀díẹ̀ Ni Mo Fi Sọ Ẹrù Ara Kalẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí oúnjẹ ayẹyẹ ìlú Ìbàdàn ń wọ̀ sí, kí ó má wò jìnnà, kí ó wo ikùn àwa tí a ń ṣiṣẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ládàánì ni mí, èmi ni mo ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ó sì ti lé ní ọdún 15 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bí a bá sọ ọmọ lórúkọ ní àárọ̀, wọn óò pe ládàánì. Bí a bá so yìgì ní ọ̀sán, wọn óò pè é. Bí a bá ń ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ fún òkú, wọn kì í yọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí èyí tí wọn kì í gbé àwo kalẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbé oúnjẹ fún ààfáà, àdúà ni ó ń retí, kì í ṣe àwáwí. Àmàlà gbígbóná, gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹran tí ó kún ojú àwo, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tutù nini lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báyìí ni ọjọ́ Àìkú wa ń rí, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí oòrùn tó wọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe ti dínkù. Ládàánì ayé àtijọ́ a máa gun gogoro mọ́ṣáláṣí lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ láti pe ìrun. Gogoro tiwa ní àtẹ̀gùn 41 nínú, mo ti kà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti dé, ìsàlẹ̀ ni a ń dúró sí. Ohùn ni ó ń lọ sókè, ládàánì kì í lọ mọ́. Ọ̀kadà náà wà níta tí yóò gbé ni lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ ìbá gbé ni dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí mo di ẹni ọdún 43, mo wọn kílò 98, bẹ́ẹ̀ ni n kò ga ju mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 70 lọ. Àwọn oníṣègùn ní ìṣirò kan: wọn óò fi gíga ẹni ní mítà pín ìwọ̀n ẹni ní kílò, wọn óò sì tún fi gíga kan náà pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá tó 25, ara ti ń wúwo jù. Bí ó bá wá tó 30, ewu ti wà níbẹ̀. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 34. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi jẹ́ 160 lórí 100, oògùn oríṣi méjì ni wọ́n sì ní kí n máa lò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó ká mi lára jù. Èémí mi ni. Ibi tí mo ti máa ń fa ohùn lọ gbọọrọ láì mí nínú ìpèrun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í já a sí méjì. Bí mo bá forí kanlẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń ti ilẹ̀ kí n tó lè dìde, orúnkún yóò sì ké kẹ̀rẹ̀ kí gbogbo sàáfù gbọ́. Ní òwúrọ̀ kan, mo gbọ́ tí àwọn àgbà méjì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bóyá kí a wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan kí ó máa pe ti àsùbá. Wọn kò fi ibi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ohùn jí àdúgbò fún ọdún 15 mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń rìn nínú ẹni.

Ìmọ̀ràn dé lóríṣiríṣi. Ẹnìkan gbé àgúnmu wá, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni ikùn yóò fi wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan ti lo irú rẹ̀ rí: ilé ìyàgbẹ́ ni ó sùn mọ́jú, òṣùwọ̀n ní kílò mẹ́ta ti lọ, ó mu omi fún ọjọ́ méjì, kílò mẹ́ta padà sílé. Omi ara ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń fà jáde. Ọ̀rá wà ní ìjókòó rẹ̀, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà kan ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wọ̀ mí létí. Ó bi mí pé, “Ààfáà wa, ọdún mélòó ni ẹ fi kó ara yìí jọ?” Mo ní yóò tó ọdún mẹ́wàá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ wá fẹ́ kí ó lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì? Bí kílò kan bá lọ lóṣù, ẹ dúpẹ́. Ẹ má yí ohun gbogbo padà lọ́jọ́ kan. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ó mọ́ yín lára, kí ẹ tó kan òmíràn.” Ó ní bí n kò bá tilẹ̀ sọ ju kílò márùn-ún sí mẹ́wàá kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Ní ilé-kéwú ni a ti kọ́ wa bí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ kékeré tí kì í dáwọ́ dúró, àti bí ó ṣe ní kí a fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn fún omi àti fún èémí. Èémí! Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń ka fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, ìgbà tí tèmi ń já ni mo wá mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó.

Oṣù kìíní, ọtí ẹlẹ́rìndòdò nìkan ni mo fọwọ́ kàn. Nínú ìgò kan tí ó jẹ́ ìdajì lítà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ṣúgà tí ó tó gíráàmù 50, èyí tí ó ju ṣúgà onígun mẹ́wàá lọ. Ẹ wò ó, ta ni nínú yín tí yóò ka ṣúgà mẹ́wàá sínú omi kan ṣoṣo tí yóò sì gbé e mu? Mo fi omi tutù rọ́pò rẹ̀. Oúnjẹ mi kò yí padà rárá ní oṣù náà, síbẹ̀ kílò kan àti ààbọ̀ lọ. Oṣù kejì, ṣúgà inú ògì ni ó kàn: láti mẹ́rin sí mẹ́ta, sí méjì, sí ẹyọ kan. Ahọ́n a máa kọ́ ẹ̀kọ́ bí ọmọdé, bí a kò bá lù ú.

Ìyàwó mi ni ó ṣe èyí tí ó kù, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Àwo tí mo fi ń jẹ àmàlà, ó gbé e fún àwọn ọmọ láti máa bu omi, ó sì ra èyí tí ó kéré. Epo tí ó ti ń dà láti inú kẹ́ẹ̀gì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, nítorí ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo ní bí 120 kálórì nínú. Kálórì yìí ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ó wà nínú oúnjẹ. Ẹ̀fọ́ ni ó ń kọ́kọ́ gbé fún mi, tàbí ẹ̀wà, nígbà tí ó bá yá ni òkèlè óò dé. Ó sì ní kí n má sáré, nítorí yóò tó bí ìṣẹ́jú 20 kí ikùn tó ránṣẹ́ sí orí pé òun ti yó. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ àmàlà tán, ìránṣẹ́ á bá àwo òfìfo.

Ti ìrìn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbá, mo rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 15 ní èkejì, títí ó fi di 30, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 ni èyí, òun náà sì ni àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe dín kù sí lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé a kò ní láti san owó fún ẹ̀rọ ìdárayá. Kí ènìyàn kàn ti Bẹẹrẹ gun òkè Mápó ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo ṣí ilẹ̀kùn gogoro wa. Ọjọ́ kìíní, àtẹ̀gùn 12 ni mo gùn kí n tó jókòó. Eruku ibẹ̀ pọ̀, àwọn ẹyẹlé sì yà á sí ohun tí ènìyàn wá ṣe.

Ó dúró ní oṣù kẹjọ. Òṣùwọ̀n kò sọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe nǹkan àjèjì: ara tí ó ti fúyẹ́ kì í jó epo tó bí ará àná. Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìrìn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ààwẹ̀ Rámádáànì bọ́ sí àsìkò yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ààwẹ̀ nìkan tó láti fọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ògì oníṣúgà àti ìrẹsì ṣínu, tí ó sì tún fi iyán ṣe sàárì, lè sanra kí oṣù tuntun tó yọ.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ ikùn kò le tó ẹnu ará àdúgbò. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ara rẹ̀ kún ni a ń sọ pé ó ń jayé. Ẹni tí ó bá fọn, a óò béèrè ohun tí ń ṣe é. Nígbà tí kílò mẹ́wàá lọ, tí agbádá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lẹ́lẹ́, gbogbo ìkíni lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ di “Ààfáà, ṣé kò sí o?” Ẹnìkan béèrè bóyá mọ́ṣáláṣí kò fún mi lówó mọ́. Obìnrin kan gbé ẹyin àti mílíìkì wá. Ìyàwó mi ni ó jẹ ìyà rẹ̀ jù: wọ́n sọ fún un lójú ọjà pé kí ó máa fún ọkọ rẹ̀ lóúnjẹ, kí ó yé fi ẹ̀fọ́ tàn án. Ó sunkún dé ilé lọ́jọ́ náà. N kò lè gbàgbé rẹ̀, nítorí òun ni ó ń tún ohùn mi ṣe, òun ni wọ́n sì ń bú.

Ìyá mi alára gbọ́, ó gbé òròmọ adìyẹ méjì àti iṣu mẹ́fà wá, ó jókòó síwájú mi pé kí n jẹun lójú òun. Mo mú màmá lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì na káàdì mi sí i: 160 lórí 100 nìyí tẹ́lẹ̀, 134 lórí 84 nìyí báyìí. Màmá kò mọ ìwé. Ó wò ó títí, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, èwo ni ó dára nínú méjèèjì?” Wọ́n ní èyí tí ó kéré ni. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ó kéré.” Láti ọjọ́ náà, òun ni ó ń dá àwọn obìnrin ọjà lóhùn, ẹ ò sì fẹ́ kí ó dá yín lóhùn.

Ní ti àwọn tí ń ṣe ìnáwó, gbólóhùn kan ni mo ń lò: “Ọlọ́hun á gbà á, ẹ bá mi di èyí tí ó kù fún àwọn ọmọ kéwú.” Mo jẹ òkèlè mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú wọn, mo ṣe àdúà tí ó gùn. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ nínú àdúà kì í ka òkèlè.

Oṣù 16 ni gbogbo rẹ̀. Mo ti kúrò ní kílò 98, mo wà ní 83. Oníṣègùn ti dín oògùn mi kù sí oríṣi kan. Òun ni ó dín in kù o, ẹ má ṣe dá ti yín dúró fúnra yín. Ìṣirò mi ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 29, nítorí náà iṣẹ́ kù. Mo ń gun àtẹ̀gùn 41 láì jókòó, mo sì ń fa ìpèrun lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àgbà méjì yẹn kò sọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin mọ́.

Ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ yìí, ìwé ìpè mẹ́rin ni ó wà lórí tábìlì mi: ìsọmọlórúkọ méjì, yìgì kan, wọ́líímà kan. Ìyàwó mi ti fọ ike onídérí mẹ́rin, ó ti dojú wọn délẹ̀ sínú oòrùn kí wọ́n gbẹ.