Ètò Méjì, Ìpè Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá gbájọ tí wọn kò gbọ́ ara wọn, ojú olójú ni wọn yóò gún. Mo fi ojú ara mi rí i ní Ìyànà Ìpájà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni alájọ àwọn ọlọ́jà àdúgbò wa. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà méjì fún un: èkíní ń kọ owó tí ó gbà sílẹ̀, èkejì ń tẹ rìsíìtì. Mo ní kí èkejì sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Mo gbà pé èkíní yóò ti parí.

Lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà ń fà. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Èkíní kò tíì kọ ọ́ tán tí èkejì fi tẹ iye owó àtẹ̀yìnwá. Lálẹ́, ìyá náà padà dé: "Ọmọ mi, ṣé ẹ ti jẹ owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi ni?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Owó rẹ̀ kò sọnù, ìgbẹ́kẹ̀lé ló fẹ́ sọnù, òun sì ni gbogbo ọjà alájọ.

Ohun tí ó yẹ kí n lò ni èyí tí Windows ń pè ní event. Ó dà bí àsíá tí a sọ lórúkọ. Ètò tó bá mọ orúkọ náà, tí a sì gbà láàyè, lè lò ó. Èkejì yóò sùn ti àsíá. Bí èkíní bá kọ̀wé tán, yóò gbé e sókè, kọ̀ǹpútà yóò sì jí èkejì.

Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan dà bí ọ̀rọ̀ kọ̀ndọ́kítọ̀ ní ibùdókọ̀ wa: "Ó ku ẹnì kan!" Ẹyọ ẹnì kan wọlé, ìpè tán. Èkejì dà bí iná ojú títì: bí ó bá ti di àwọ̀ ewé, gbogbo ọkọ̀ ni yóò máa kọjá títí ẹnìkan yóò fi yí i padà. Èyí tí ń pe ẹnì kan ni mo mú.

Síbẹ̀, àsíá kì í ka iye. Bí èkíní bá gbé e sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí èkejì tó wò ó, ìpè kan ṣoṣo ni yóò rí. Nítorí náà, mo ní kí èkejì tẹ gbogbo ohun tí kò tíì tẹ̀, nígbàkigbà tó bá jí. Ẹni tó bá fẹ́ kíkà ni kí ó lo semaphore, tí Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, mú wá ní àwọn ọdún 1960.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ìlú wa: àwọn kan da ọ̀dà sójú títì tán, àwọn onípáìpù omi wá gbẹ́ ẹ. Wọn kò ya ọ̀lẹ. Àfojúbù ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, bí mo ti ṣe. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé rìsíìtì tòótọ́ lọ sí ìsọ̀ ìyá ẹlẹ́wà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún san àjọ.