Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́: Ojú Kan Náà, Ìtumọ̀ Ọ̀tọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí òwe yìí ti wúlò fún ìrìn-àjò, bẹ́ẹ̀ ni ó wúlò fún èdè. Ẹni tí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ rí yóò béèrè, tàbí kí ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó rò pé òun ti mọ̀ láti kékeré?

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nídìí àdúrà ìrọ̀lẹ́ nílé bàbá olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Abẹ́òkúta. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, tí ó wà ní yunifásítì, ni ó ka Bíbélì lọ́jọ́ náà. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1611, ni ó mú lọ́wọ́. Nígbà tí ó dé ìwé Róòmù 1:13, ó bá ọ̀rọ̀ náà “let” pàdé, ó sì ṣàlàyé pé Pọ́ọ̀lù fẹ́ lọ sí Róòmù, a sì gbà á láàyè.

Ìyá àgbà, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ojú sókè láti inú Bíbélì Yorùbá tiwọn. “Ọmọ mi, tèmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dí i lọ́nà ni. Tí wọ́n bá gbà á láàyè, kí ló dé tí kò fi lọ?”

Ojú ti ọmọ náà díẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, ohun tí ó wà níbí ni mo kà.” Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Bàbá. Wọ́n ní, “Ohun tí ó wà níbẹ̀ lo kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá yín ló jàre.”

Ọ̀rọ̀ méjì ni “let” nígbà láéláé. “Lettan” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pe kí a dí ènìyàn lọ́wọ́. “Lǣtan” ni wọ́n ń pe kí a gba ènìyàn láàyè. Ohùn méjèèjì kò dọ́gba. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìró wọn di ọ̀kan, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá ń jẹ́ ìdínà àti ìyọ̀ǹda papọ̀. Èdè kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ìtumọ̀ ìdínà kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn, àfi ní àwọn ibi díẹ̀. Ó wà nínú ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní, níbi tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ẹni tí ó ni ín dúró. Ó tún wà nínú eré tẹ́níìsì: bí bọ́ọ̀lù tí a fi ṣíde bá kan àwọ̀n kí ó tó balẹ̀ sí ibi tí ó yẹ, “let” ni adájọ́ ń pè, a ó sì tún un gbá.

Bàbá kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ní kí ó ṣí 1 Tẹsalóníkà 4:15, níbi tí “prevent” wà. Lónìí, ìdènà ni à ń fi ọ̀rọ̀ yìí sọ, ṣùgbọ́n láti inú èdè Látìnì ni ó ti wá, ohun tí ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ni kí a ṣáájú ẹni dé. Ìyá àgbà wo tiwọn: “ṣáájú” ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé Léfítíkù orí kejì, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ ẹbọ tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní “meat”. Ìyẹ̀fun, òróró àti tùràrí ni wọ́n fi ń rú u; kò sí ẹran kankan níbẹ̀, nítorí pé oúnjẹ gbogbo ni “meat” láyé ìgbà náà. Ẹbọ ohun jíjẹ ni Bíbélì Yorùbá pè é. Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò wo ojú ọ̀rọ̀ nìkan. Wọ́n wo inú rẹ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbàgbé, ó ṣẹ́kù sọ́wọ́ ìyá tí kò lọ ilé ìwé.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì mà kún fún ẹ̀tàn o. Bàbá na ìwé pélébé kan sí i, wọ́n kọ “oko” sí i láìfi àmì kankan sí i, wọ́n ní kí ó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní oko tí à ń dá ni. Wọ́n ní ọkọ ìyàwó ńkọ́? Ọkọ́ tí à ń fi ro ilẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ tí à ń wọ̀ ńkọ́? Òkò tí à ń sọ ńkọ́? Ó dákẹ́.

“Ọjọ́ tí etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyàtọ̀ mọ́ ni ìtumọ̀ kan pa ìkejì,” ni Bàbá wí. “Tiwa ṣì wà lẹ́nu wa. Orí ìwé ni a ti ń sọ ọ́ nù.”

Ọmọ náà gba bírò lọ́wọ́ wọn. Ó kọ ọ̀rọ̀ márààrún sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi àmì sí i, ó sì gbé e fún ìyá àgbà kí wọ́n bá òun wò ó.